Orúkọ Ilé Àna

Nígbà tí Tokuji fẹ́ Fusae, òun ló kó wọlé ìyàwó. Bàbá Fusae kò bí ọmọkùnrin, kò sì fẹ́ kí orúkọ ilé òun parun. Bí Tokuji ṣe fi orúkọ bàbá tirẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tó di Maekawa bíi ti àna rẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí "odò iwájú". Oko ápù àna rẹ̀ níbí, ní Hirosaki nílẹ̀ Japan, ló ń ro títí ó fi darúgbó. Ilé mi ló tẹ̀ lé tirẹ̀.

Orúkọ ńlá ni nílùú wa. Maekawa Kunio, gbajúgbajà ayàwòrán ilé, ló ya àwòrán ọ́fíìsì ìlú. Bí òrùlé ẹnikẹ́ni bá ń jò, a ó ní kí Tokuji wá tún un kọ́, àbí kì í ṣe Maekawa ni? Fusae ló máa ń fèsì, pé ọkọ òun ò lè kan ìṣó kó má kan ìka mọ́ ọn.

Fusae kú lásìkò ìkórè. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Tokyo, orúkọ ọkọ ló ń jẹ́. Tokuji a tan rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí i. Ó ní àna ti kú, ìyàwó náà ti kú, kó gba orúkọ bàbá wọn padà, kí wọ́n lè sin ín sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

"Tokuji, ta lo tún ń dúró tì níbẹ̀?"

Tokuji lọ sí ọ́fíìsì ìlú láti gba orúkọ bàbá rẹ̀ padà. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn rí orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹbí yín ló ya ilé yìí ni?"

Tokuji wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fèsì.

"Ìyàwó mi ló máa ń dáhùn ìyẹn," ló sọ.

Ọmọ náà bi í léèrè ohun tó bá wá. Ó ní òtútù ló lé òun wọlé. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n jókòó ti òun, ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Orúkọ Maekawa ni mo máa kú sí. Bí mo bá kúrò nínú ẹbí wọn, kò sẹ́ni tó máa gbá yìnyín kúrò lórí ibojì Fusae."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè bóyá yìnyín ń já lọ́dọ̀ wa.

"Ó ń já," ni Tokuji wí.