Ta Ló Wà Lórí Àtẹ̀gùn?

1.

…àní kí wọ́n dì mí lójú, kí wọ́n bò mí láṣọ látorí dẹ́sẹ̀, kí n kàn wúkọ́ lásán, gbogbo ayé láti ibí dé Paragúáì ló máa mọ̀ pé èmi ni!

Don Evelio Zamudio ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé búrẹ́dì, ní àdúgbò Portales, nílùú Mẹ́síkò. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Àwo pẹrẹsẹ wà lọ́wọ́ òsì, ẹ̀mú búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Gbogbo ohun tó kọ́kọ́ sọ kò ju "ẹ bá mi di concha mẹ́rin" lọ. Ni ìyá kan tó tò síwájú bá yí padà, ó gbá àyà mú.

"Jésù! Ọ̀gá Haskett!"

"Ẹ ò rí nǹkan?" ni don Evelio wí fún àwọn tó tò sẹ́yìn. "Búrẹ́dì lásán ni mo béèrè o."


2. OHUN TÓ YẸ KÍ Á MỌ̀, NÍ ṢÓKÍ

*Èbúté Kejìlá*: eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é, láyé ọjọ́un.

Ọ̀gá Haskett: ọlọ́pàá inú rẹ̀. Òyìnbó gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

Ohùn Ọ̀gá Haskett: don Evelio. Inú sítúdíò ló ti ń wo ẹnu òyìnbó, tó ń fi èdè Spéènì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn òyìnbó náà gan-an rí. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Fíìmù tuntun: *Èbúté Kejìlá* kan náà. Wọ́n tún un ṣe fún sinimá lọ́dún yìí. Òṣèré tuntun. Ohùn tuntun.

Ohùn tuntun: Nicandro Ochoa, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ọ̀dọ̀ don Evelio ló ti kọ́ṣẹ́.

Wọn ò pe don Evelio.
Wọn ò pè é láti sọ pé àwọn ò ní pè é.


3. LÁTI ORÍ ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ, ẸGBẸ́ "ÀWA ỌMỌ ÈBÚTÉ"

YADIRA, GUAYAQUIL (olórí ẹgbẹ́): Wọ́n ti pa Haskett wa! Irú ohùn wo nìyẹn? Bí ẹni tó ń kiri gáàsì!

WILMER, MARACAIBO: Ẹ fi ọkùnrin náà lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Fíìmù yẹn dáa. Ẹ̀yin arúgbó, ẹ lọ sùn.

YADIRA: Ta lò ń pè ní arúgbó? Ìyá ẹ ńkọ́?

WILMER: Ìyá mi náà ní ó dáa.

EUSEBIA, AREQUIPA: Ìpolówó rẹ̀ nìkan ni mo wò, ìṣẹ́jú méjì péré. Mo sunkún. Ó tó mi.

WILMER: Ẹ̀yin màmá, ìpolówó kọ́ ni fíìmù.

EUSEBIA: Ìwọ ti wo fíìmù ọ̀hún?

WILMER: Màá wò ó.

RAMIRO, ASUNCIÓN: Gbogbo yín ò mọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí òyìnbó máa sọ òyìnbó rẹ̀, ká máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀.

(Èébú mọ́kànlélógún ni wọ́n bu Ramiro. A ò lè kọ wọ́n síbí, àwọn ọmọ wà nílé.)

YADIRA: Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ohùn gidi, ẹ wá gbọ́ ọ!


4. OHUN TÍ YADIRA GBÉ SÍTA

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Láti inú ọdún karùn-ún eré náà.

Haskett jókòó lórí àtẹ̀gùn. Òkú àbúrò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò pariwo. Ó ní:

"Dìde, Tommy. Ilẹ̀ tutù."

Ó tán. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló ti wò ó. Àwọn ọkùnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá wọn sunkún níbẹ̀.

Yadira kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà:

ÈYÍ NI DON EVELIO WA!!!


5.

Kì í ṣe don Evelio.


6.

Lọ́dún 1988 ni àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún don Evelio lọ́fun. Oṣù méje ni kò fi sọ̀rọ̀. Pátákó kékeré kan ló fi ń bá ayé sọ̀rọ̀: OMI. Ẹ PA RÉDÍÒ. TA LÓ WỌLÉ?

Nicandro ló wọ sítúdíò dípò rẹ̀, fún gbogbo ọdún karùn-ún eré náà. Ó mọ ohùn ọ̀gá rẹ̀ tinú tẹ̀yìn, ó mọ ibi tó ti ń mí, ó mọ ibi tó ti ń gbé itọ́ mì. Kò sẹ́ni tó fura. Iléeṣẹ́ náà ní kí àwọn méjèèjì pa ẹnu mọ́. Orúkọ don Evelio ni wọ́n ń kà jáde lópin eré. Don Evelio mi orí pé ó dáa. Nicandro náà ní ó dáa. Ọmọ iṣẹ́ ni, kí ló fẹ́ wí?

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń dì mọ́ don Evelio lójú títì nítorí àtẹ̀gùn yẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó fẹ́ sọ òótọ́.
Ìgbà kejì, ó ní ẹ ṣé.
Láti ìgbà kẹta ló ti ń ṣàlàyé bí òun ṣe ṣe é.


7. ÌKÉDE LÁTỌ̀DỌ̀ ILÉEṢẸ́ TÓ NI FÍÌMÙ

Ènìyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlógójì ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. A ti gbọ́ yín. Kí fíìmù yìí tó dé orí tẹlifíṣọ̀n, a óò tún ohùn Haskett yẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Zamudio àti Ọ̀gbẹ́ni Ochoa yóò sọ ọ̀rọ̀ orí àtẹ̀gùn, èyí tó wà nínú fíìmù tuntun náà pẹ̀lú. A óò gbé ohùn méjèèjì síta láìdárúkọ: A àti B. Ẹ̀yin òǹwòran ni ẹ ó dìbò. Ẹni tí ẹ bá yàn ni yóò ṣe é.


8. ILÉ ÌDÁNÁ. ỌJỌ́RÚ.

OBDULIA (ẹ̀gbọ́n don Evelio obìnrin; ilé kan náà ni wọ́n ń gbé): Ṣé wàá lọ ni?

EVELIO: Kí ló dé tí mi ò ní lọ?

OBDULIA: Àtẹ̀gùn yẹn kì í ṣe tìẹ. Èmi ni mò ń da ọbẹ̀ sí ẹ nínú nígbà yẹn, látinú rọ́bà tí dókítà fi sí ẹ lára.

EVELIO: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.

OBDULIA: Kí gbogbo Portales gbọ́!

EVELIO: Ta ló kọ́ Nicandro níṣẹ́? Èmi ni! Ohùn mi ló jí gbé!

OBDULIA: Ó jí ohùn ẹ. Ìwọ náà jí oríyìn ẹ̀. Ẹ ti ṣàǹfààní fúnra yín.

EVELIO: Ọdún mẹ́fà rèé tí mi ò tíì dúró níwájú makirofóònù. Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kẹ́yìn? Ìkòkò! Ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀, fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi! Bí mi ò bá gba Haskett padà, ìkòkò ni wọ́n máa kọ sórí ibojì mi.

OBDULIA: Ìkòkò yẹn dáa o. Ó ní ìwà.


9. SÍTÚDÍÒ

Nicandro sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Don Evelio sọ ọ́ nígbà mẹ́tàdínlógún. (Òun ní mẹ́rìndínlógún. Ó ní ti àkọ́kọ́, òun kàn ń dán ọ̀fun wò ni.)

Wọn ò kíra.


10. ÌBÒ

YADIRA: A!!! Ta ló gbé bàbá oníkọ́ yìí wá? Nicandro ni, kíá ni mo dá a mọ̀! Ẹ lé e lọ!

EUSEBIA: B ni don Evelio wa. Mo mọ ohùn yẹn bí ohùn bàbá tó bí mi. Mo sunkún.

WILMER: Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wa dọ́gba. Èmi tí mo fẹ́ràn Nicandro tẹ́lẹ̀, ó ti já mi kulẹ̀. Kí A lọ máa ka nọ́ńbà lọ́tìrì.

RAMIRO: Òyìnbó ńkọ́?

(Èébú mẹ́rìnlá.)

A: 611

B: 29,480

A ni don Evelio.


11.

Ó ka gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ka "oníkọ́" lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó sunkún.
Kò sunkún.
Àlùbọ́sà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gé.


12. LẸ́YÌN TÍ WỌ́N DÁRÚKỌ

10:00. ILÉEṢẸ́: A ni Ọ̀gbẹ́ni Zamudio. B ni Ọ̀gbẹ́ni Ochoa.

10:04. YADIRA: Ṣebí mo wí? A yẹn ní nǹkan nínú! Ìrora àgbà ló wà níbẹ̀!

10:05. EUSEBIA: Èrú ni! Wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ! Mo mọ bàbá mi!

10:07. WILMER: Kí wọ́n dá ìbò mi padà. A ni mo ní lọ́kàn.

10:09. YADIRA: Ẹ̀yin tí ẹ pe don Evelio ní oníkọ́, ojú ò tilẹ̀ tì yín?

10:30. ILÉEṢẸ́: A ti dá ètò náà dúró ná. A óò kàn sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.


13. TẸLIFÓÒNÙ

NICANDRO: Ọ̀gá.

EVELIO: Má pè mí lọ́gàá. Olè.

NICANDRO: Ọ̀gá, lánàá nínú ọkọ̀ ojú irin, obìnrin kan nawọ́ sí mi lójú gbogbo èrò. Ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá! Èmi ni mo wà lórí àtẹ̀gùn!

EVELIO: Mo mọ̀.

NICANDRO: Ẹ mọ̀ nínú yàrá yín! Ẹ sọ ọ́ síta!

EVELIO: Ṣé wọ́n ti di ìwọ lẹ́nu ni?

NICANDRO: Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n kórìíra mi nítorí pé mi ò jọ ara mi!

EVELIO: (ó lọ ti fèrèsé)

NICANDRO: Ọdún mẹ́rìndínlógójì, ọ̀gá. Ẹ ò tiẹ̀ fìgbà kan sọ fún mi pé mo ṣe é dáadáa.

EVELIO: Ọ̀fun mi ò dáa lọ́jọ́ sítúdíò yẹn.

NICANDRO: Mẹ́tàdínlógún. Mo jókòó síta. Mo kà á.


14. DON EVELIO KỌ̀WÉ SÍ ẸGBẸ́ NÁÀ, ÌKA KAN LÓ FI Ń TẸ̀ Ẹ́

Èmi Evelio Zamudio ni. Kì í ṣe èmi ni mo sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nicandro Ochoa ni. Àìsàn dá mi dúbúlẹ̀ ní gbogbo ọdún karùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ dì mọ́ mi lójú títì, ẹ lọ dì mọ́ ọn. Mo ti purọ́ fún yín. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà tó kù, èmi ni o.


15.

YADIRA: Ta ni ẹlẹ́tàn yìí tó fi àwòrán don Evelio bojú?

EUSEBIA: Don Evelio gidi ò lè sọ báyìí láéláé. Ẹni ọ̀wọ̀ ni.

WILMER: Nicandro ló wà nídìí ẹ̀. Àní ó tún ń tọrọ ìdìmọ́ra!

DON EVELIO: Èmi ni! Ẹ pè mí, ẹ gbọ́ ohùn mi!

(Yadira pè é. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Don Evelio wúkọ́.)

╔══════════════════════════╗
A TI YỌ ẸNI YÌÍ KÚRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́.
Ẹ̀ṣẹ̀ RẸ̀: Ó TÀBÙKÙ DON EVELIO ZAMUDIO.
╚══════════════════════════╝


16.

Obdulia rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, tó wá àga.


17.

Iléeṣẹ́ ò tíì pe ẹnikẹ́ni.


18. ỌJỌ́ ÀÌKÚ, AAGO MẸ́TA Ọ̀SÁN

Nicandro ló dá a lábàá: "Kí ẹ tó bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gá, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Gbogbo rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin." Don Evelio, tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé ẹ̀hónú, kò tíì fojú kan fíìmù náà.

Iwájú sinimá ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

EVELIO: Bí o bá mí níbi tí mi ò kọ́ ẹ, màá dìde níbẹ̀, màá sọ ọ́ sókè.

NICANDRO: Ẹ dìde! Èmi náà á dìde! Ká jọ sọ ọ́, kí àwọn èrò inú ibẹ̀ dájọ́!

EVELIO: Kí wọ́n dá a! Lójú ẹsẹ̀ báyìí!

NICANDRO: Àwọn tó sanwó ni ká bi, kì í ṣe àwọn aláriwo orí fóònù!

Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn gíláàsì. Ó wo ọ̀kan. Ó wo èkejì. Ohùn méjèèjì tí odindi ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà ń tìtorí rẹ̀ bú ara wọn wọ̀ ọ́ létí tọ̀tún tòsì, ó sì ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

"Méjì fún *Èbúté Kejìlá*," ni don Evelio wí. "Kí èmi jìnnà sí ọkùnrin yìí. Àyè ṣì wà?"

Obìnrin náà nu ọwọ́. Ó tẹ nǹkan kan. Ó ní:

"Ibi tó bá wù yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kọ́kọ́ wá wò ó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."