Àgbá Kẹta Sùn

Walburga kì í sọ pé wáìnì ń kọrin tàbí pé ó ń jó lórí ahọ́n. Àwọn oníṣòwò tó ń wá láti ìlú ńlá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ fún ọ̀kan nínú wọn rí pé, "Alàgbà, tí nǹkan bá ń jó lẹ́nu yín, ẹ lọ rí oníṣègùn eyín." Ohun tó ń wá lára Riesling, wáìnì funfun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, kò pọ̀: kó mọ́, kó kan, kó dùn níwọ̀nba, kí kíkan àti dídùn má sì fi ara wọn ṣe ẹrú.

Èso àjàrà Riesling kì í yára pọ́n. Títí di oṣù kẹwàá, tí òtútù ti ń já ewé igi sílẹ̀, ó ṣì wà lórí òkè tó wà lẹ́bàá odò Mosel ní Jámánì, tó ń rọ́jú. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ń tọ́jú ooru ọ̀sán fún un di òwúrọ̀. Èyí tó bá fi kánjúkánjú pọ́n, omi ṣúgà lásán ni.

Wáìnì tó wà nínú àgbá kẹta ti oko Òkè Gíga wá. Orúnkún lèèyàn fi ń gun ibẹ̀. Walburga àti Gundolf ọkọ rẹ̀ ló gbin àjàrà síbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń ru òkúta tí òjò bá wọ́ wálẹ̀ padà sókè lọ́dọọdún. Gundolf ti kú láti ọdún méjì. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, àwọn àgbá yòókù ti hó tán, ṣúgà wọn ti di ọtí, àmọ́ àgbá kẹta dáwọ́ híhó dúró lágbedeméjì. Ó kàn dákẹ́, tòun ti ṣúgà lára.

Gbogbo ilé ló rò pé àwọn mọ ẹni tó fà á.

Nínú ilé Walburga, wọn kì í ra ìwúkàrà sí wáìnì. Èyí tó wà lára èso àti nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú un hó. Èbu dúdú bo ògiri yàrá náà, ó rọ̀ bí irun ológbò, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kàn án, torí wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí ara àgbá yá. Wiebke kò mọ̀. Etí òkun ní àríwá ni Volkmar, ọmọ Walburga, ti fẹ́ ẹ wá, níbi tí wọ́n ti ń fọ ilé títí kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí Walburga lọ tọ́jú orúnkún rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ìyàwó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ògiri ẹ̀yìn àgbá kẹta, kó lè fi kí ìyá ọkọ rẹ̀ káàbọ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá," ó ní. "Ó ti funfun."

Walburga wò ó. "Ó funfun lóòótọ́. Bí ojú òkú."

Láti ọjọ́ náà ni Wiebke kì í ti í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ nídìí oúnjẹ.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Volkmar ní, "Màmá, tí kò bá hó di Mọ́ńdè Àjíǹde, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wáìnì á wá gbé e. Wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé."

"Wáìnì bàbá rẹ?"

"Mo ní kí n fi ìwúkàrà sí i, ẹ ní rárá. Kí la wá fẹ́ fi ṣe? Ká máa fún àwọn ọmọdé mu?"

"Rárá náà ni. Dúró."

Lọ́jọ́ kejì, Walburga sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àgbá náà. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn àgbá. Fèrèsé kékeré tó kọjú sí odò wà ní ṣíṣí, wọ́n fi igi há a kó má bàa padé. Walburga mọ igi náà, òun ló fi ọ̀bẹ gé e. Òun ló ṣí fèrèsé náà kí òórùn ọṣẹ lè jáde, ó sì gbàgbé. Gbogbo ìgbà òtútù ni atẹ́gùn odò fi ń fẹ́ sí àgbá náà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò pé bí Riesling bá tutù jù, sísùn ló ń sùn.

Ó yọ igi náà, ó ti fèrèsé, ó fi igi sápò, ó gòkè lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Kunibert aládùúgbò wọn, bàbá arúgbó tó ń kan àgbá, wá jẹ pòtétò tí wọ́n yan nínú ìkòkò.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé o ti fọṣẹ fọ pòtétò yìí dáadáa?"

Volkmar rẹ́rìn-ín. Wiebke náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kunibert, jẹ oúnjẹ rẹ," ni Walburga wí. Ọ̀rọ̀ tó kù, ó gbé e mì pẹ̀lú pòtétò. Òun tó ń sọ òótọ́ lójú oníṣòwò.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọkọ̀ dé, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Àgbá kẹta ti wọ aṣọ. Aṣọ ìbora tó kún fún ìyẹ́, èyí tí ìyá Wiebke rán fún ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi wé e yí ká, wọ́n sì fi okùn dì í bí Walburga ṣe kọ́ ìyàwó láti máa di ẹ̀ka àjàrà. Ó kì ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà. Igi àgbá kò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Wiebke ké sókè láti yàrá abẹ́ ilẹ̀. "Màmá, ẹ wá gbọ́."

Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, Kunibert náà tẹ̀ lé wọn. Nínú dígí olómi tí wọ́n fi dé ẹnu àgbá, tí afẹ́fẹ́ híhó ń gbà jáde, nǹkan kan dún pọ́ọ̀. Ó dákẹ́. Ó tún dún pọ́ọ̀.

"Ó jí," ni Volkmar wí. "Mo ń lọ sọ fún ilé iṣẹ́ pé kí ọkọ̀ wọn má wá mọ́."

"Ó dà bíi pé wọ́n ti dárí ji ọṣẹ," ni Kunibert wí.

Walburga yọ igi látinú àpò, ó fi lé orí àgbá. "Kì í ṣe ọṣẹ. Èmi ni mo ṣí fèrèsé, tí mo sì gbàgbé rẹ̀. Òtútù ló mú un sùn. Mo ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá, mo sì jẹ́ kí ẹ máa bú ọmọ ọlọ́mọ."

Dígí tún dún.

"Mo mọ̀, Màmá," ni Wiebke wí.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Mo rò pé bí fèrèsé yẹn ṣe máa ń wà nìyẹn, ní ṣíṣí. Àfi ìgbà tí mo rí i ní títì, tí ẹ ò sì wo ojú mi mọ́, ló tó yé mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní wọn kì í kán Riesling lójú."

Kunibert rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ní oṣù kẹfà, wáìnì náà dáwọ́ híhó dúró fúnra rẹ̀, níbi tó wù ú. Gundolf ló máa ń mu ife àkọ́kọ́ láti inú àgbá yẹn. Walburga bù ú, ó gbé e fún Wiebke. Òórùn èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ àti ápù tútù ń jáde látinú rẹ̀, àti ti òkúta tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Wiebke mu ún. "Ó mọ́," ó ní.

Walburga ń retí pé yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn bíi ti àwọn oníṣòwò kún un.

"Ó kan," ni Wiebke wí. "Ó sì dùn."

Walburga mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tú aṣọ ìbora kúrò lára àgbá. Wáìnì ti ta sí i, àbàwọ́n sì pọ̀ lára rẹ̀. Ó gbé e lé èjìká, ó gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"Ọṣẹ dà?" ó ní.