Ọlọ́bọ Padà Wálé

"Kí ni kò pé nínú eré yìí?"

Roqeeb ló béèrè. Àwọn mẹ́ta tó pè wá, tí wọ́n jọ dàgbà ládùúgbò, jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù rẹ̀. Najeem mẹkáníìkì ti na ara sẹ́yìn, oorun ti fẹ́ẹ̀ gbé e lọ. Fadilah ń wo fóònù. Christopher, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ti de bẹ́líìtì àga rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀bọ tó gba ipò kìíní ń jó lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

"Eré náà dáa o," Fadilah sọ nígbà tó yá, kò gbójú sókè. "O ṣeun, Roqeeb."

Ọpẹ́ yẹn ló dùn ún jù. Láyé ọjọ́sí, kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Èébú ni wọ́n fi ń dágbére.

Ọlọ́bọ ni gbogbo àdúgbò wọn ní Surulere ń pe géèmù náà, nítorí ọ̀bọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ju dáìsì, tí wọ́n sì ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ara wọn kó. Ìgbà tí Roqeeb wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àkọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Wọ́n ṣe èyí tí kò ní dáìsì. Wọ́n ṣe èyí tí ọ̀bọ ti ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n tún ṣe èyí tí oníkálukú á jókòó sílé tirẹ̀, tí wọ́n á pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ìpàdé ẹbí. Lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn ti padà sí ìpìlẹ̀: dáìsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ènìyàn mẹ́rin nínú yàrá kan. Roqeeb ka ìròyìn náà, ó sì gbà pé ṣọ́ọ̀bù òun ti yè.

Ó sì yẹ kó yè kíákíá. Bàbá Àkàngbé, lánlọ́ọ̀dù, ti rí ẹni tó fẹ́ máa ta òròmọdìẹ níbẹ̀. Bàbá ò bínú, wọn ò sì halẹ̀. Wọ́n kàn ní àwọn á mú ọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Bí àwọn bá gbọ́ ariwo èrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tán. Bí àwọn ò bá gbọ́, kí Roqeeb máa palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú náà ló pé yìí.

Ìṣirò ni Roqeeb kà ní yunifásítì, ohun tí kò bá sì yé e kì í jẹ́ kó sùn. Láti ọjọ́ tí géèmù tuntun ti dé ló ti ń yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó pa fáànù, nítorí ooru máa ń mú wọn láyé àtijọ́. Àwọn oníbàárà laágùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ó ba ọ̀kan nínú àwọn pádì tuntun tí wọ́n fi ń darí ọ̀bọ jẹ́ díẹ̀, kó lè máa fà sọ́tùn-ún fúnra rẹ̀ bíi pádì tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ jà nígbà náà. Christopher lò ó, ó ní kò burú.

Àga nìkan ni kò fura sí. Àga ni iyì ṣọ́ọ̀bù náà: mẹ́rin, aláwọ dúdú, tí wọ́n tú lára ọkọ̀, tó lọ rà ní ọjà Ládìpọ̀. Ó tò wọ́n jìnnà síra kí apá ẹnì kan má baà kan ti ẹnì kejì.

"Najeem, o rántí ọjọ́ tó o gé Christopher jẹ léjìká?" Roqeeb bi í.

"Ó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi."

"Ó jí i lónìí náà."

Najeem ronú sí i. "Ó jìnnà," ó ní. "Màá kọ́kọ́ dìde ná kí n tó gé e jẹ."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ohùn lánlọ́ọ̀dù níta, níbi tí Sàúdátù, ẹ̀gbọ́n Roqeeb, ti ń ta sóbò tútù lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò ẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé, Bàbá. Wọ́n ń ṣeré."

"Eré? Ó pa lọ́lọ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣèdánwò." Bàbá Àkàngbé jókòó ti Sàúdátù. "Olóròmọdìẹ, jókòó. Ìwọ tó ò ń mu sóbò yìí, sún fún un."

"Mo ti sún, Bàbá. Ògiri ló kù."

"Ta ló ń fi ìgúnpá gún mi?" Bàbá ké.

"Kì í ṣe ìgúnpá, kọ́kọ́rọ́ mi ni," olóròmọdìẹ fèsì.

"Ẹ má da sóbò mi nù o!" Sàúdátù pariwo.

"Olóròmọdìẹ, ṣé ìwọ nìkan lo ni ìdí ni?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó! Ó dáa, mo ti dìde."

Ó dìde lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó jókòó sí fò sókè, ẹ̀gbẹ́ kejì rọ̀ sílẹ̀, Bàbá Àkàngbé sì bá ara wọn nílẹ̀, fìlà bò wọ́n lójú. Sóbò gba imú ẹni tó ń mu ún jáde. Sàúdátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bú.

"Padà wá jókòó, olè! Mi ò tíì gbà!"

Nínú ilé, oorun ti dá lójú Najeem. Fadilah ti gbé fóònù sílẹ̀, ó ń sáré lọ wò wọ́n. Christopher ò lè dìde, bẹ́líìtì rẹ̀ kọ̀, kò ṣí.

Roqeeb dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe àwọn ènìyàn náà ló ń wò, ohun tí wọ́n jókòó lé ni. Bẹ́ńṣì tí wọ́n máa ń há ara wọn mọ́ ṣeré láyé ọjọ́sí ni. Páálí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ojú pákó rẹ̀ sì ti jẹ wọnú síbi mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ni káfíńtà ṣe é fún. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síta lọ́jọ́ tí àga Ládìpọ̀ dé, kí àyè lè wà. Àràárọ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé, láti lọ wá ohun tí kò pé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó mọ́," ó ní. "Ẹ bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kan wọlé."