Orúkọ Tó Wà Lórí Ẹní Ìkírun

"Ta ni Qowiyy?"

Àlàájà Khadeejah gbé ẹní ìkírun náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ohùn wọn lọ sílẹ̀, èyí tó máa ń ba àwọn tó mọ̀ wọ́n lẹ́rù ju ariwo lọ. "Sìmíátù, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mutallib lorúkọ tí ìyàwó kọ sílẹ̀ fún wa. Ta wá ni Qowiyy?"

Sìmíátù wo ẹní náà. Orúkọ náà ń dán lára àrán aláwọ̀ ewé, òwú aláwọ̀ wúrà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rí rogodo bíi pé ìfẹ́ ló di abẹ́rẹ́ mú. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ sára aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, ní Ìjigbò, Adó-Èkìtì. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó rẹwà tó báyìí rí.

Oore-ọ̀fẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. "Àlàájà, ẹ wo ìta. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe lódìkejì títì nìyẹn."

"Oore!"

"Ṣé mo parọ́ ni? Àárọ̀ lojú ẹ ti sọdá, kò tíì padà dé."

Bẹ́ẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o" nìkan ni Qowiyy tíì sọ sí i rí. Ṣùgbọ́n lọ́kàn Sìmíátù, àwọn méjèèjì ti ń gbé ilé kékeré kan lọ́nà Ìjàn. Kọ́tìnnì ibẹ̀ fúyẹ́, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ń gbé e lọ gbé e bọ̀, Qowiyy á ti ibi iṣẹ́ dé, á fi ọwọ́ tútù kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe mú ṣọ́ọ̀kì láti kọ orúkọ ọkọ ìyàwó sórí àrán, ni Qowiyy bọ́ síta, tí oòrùn ọyẹ́ sì bà lé e léjìká. Sìmíátù ò rí ohun tọ́wọ́ rẹ̀ kọ mọ́. Ẹsẹ̀ kàn ń tẹ ẹ̀rọ, òwú ń ṣàn.

"Mẹ́kà ni bàbá Ruqoyyah, ìyàwó yìí, ti gbé ẹní yìí bọ̀," Àlàájà wí. "Ó ní orí rẹ̀ lọkọ ọmọ òun yóò ti máa kírun. Bàbá ọ̀hún ti kú. Ọ̀la ni wọ́n ń so yìgì. Tọ́mọ náà bá ti Ìgèdè dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí ni kí n wí fún un?" Inú wọn ru, èdè Èkìtì sì yọ lẹ́nu wọn: "Ojú rẹ ò sí nínú uṣẹ́ mọ́! Tí àrán yìí bá bàjẹ́ pẹ́nrẹ́n, ìwọ àti ẹ̀rọ mi ti pínyà nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ n tú u, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó dojú ẹní délẹ̀, ó sì ń fi abẹ gé òwú lẹ́yìn aṣọ, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó kan lẹ́tà kẹta, kọ́tìnnì ọ̀nà Ìjàn tún fẹ́ lẹ́lẹ́. Abẹ yọ̀. Díẹ̀ ló kù kó la àrán.

Ó gbé abẹ sókè. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí jẹ́jẹ́: "Gé. Fà. Gé. Fà."

"Ṣé o ti ń dá sọ̀rọ̀ ni?" Oore-ọ̀fẹ́ bi í.

"Tẹ́nu mi bá ń sọ ohun tọ́wọ́ mi ń ṣe, ọkàn mi ò ní ríbi sá gbà."

Nígbà tí òwú tán, Àlàájà fúnra wọn se omi. Wọ́n jọ na àrán náà sókè ooru kẹ́tùrù, irun rẹ̀ tó ti sùn sì ń dìde díẹ̀díẹ̀, bíi koríko lẹ́yìn òjò, títí ihò abẹ́rẹ́ fi bò.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni," Àlàájà wí. "Àrán ò ní gbà á lẹ́ẹ̀mejì."

Sìmíátù tún fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Àlàájà kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ní kó máa rán an. Ó rán M, ó rán U, ó ń bá a lọ. Lẹ́tà mẹ́ta ló kù nígbà tẹ́nìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Fíríìjì tí mo ti ń bá fà á látàná ti ń mú nǹkan tutù. Omi àkọ́kọ́ rèé. Mo ní kí n gbé e fún Sìmíátù."

Ó mọ orúkọ òun! Sìmíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú. Ó tiẹ̀ ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lára ìgò.

"Yéè, mo gbé," Oore-ọ̀fẹ́ wí wúyẹ́wúyẹ́.

Abẹ́rẹ́ wà nínú àrán. Tọ́rùn bá yí, ọwọ́ á tẹ̀ lé e.

"Ẹ ṣeun," Sìmíátù wí fún ògiri. "Mi ò lè yíjú báyìí. Ẹ padà wá lẹ́yìn ìrun Alásárì, tó bá ṣì wù yín."

"Omi yìí á ti lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà yẹn."

"Màá mu ún bẹ́ẹ̀."

Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ Qowiyy kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Sìmíátù ò bi ẹnikẹ́ni bóyá inú ń bí i tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ẹ̀rọ.