Òǹtẹ̀ fún Búrẹ́dì

Ẹ sún mọ́ mi kí n ròyìn àlá tí mo lá lóru àná. Ẹni tó bá ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ kó gbé e sílẹ̀, kó má baà há a lọ́fun.

Kí n tó sùn, Fadérera ìyàwó mi ti ṣòfin. Ó ní bílẹ̀ bá ti mọ́, kò sí tíì oní-mílíìkì mọ́ nílé wa, ewé la ó máa sè mu. Mo ní búrẹ́dì mi ńkọ́? Ta ló ń ki búrẹ́dì bọ omi ewé? Ó ní kí n lọ bi ewé. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo sùn sí.

Ni mo bá rí ara mi lórí ìlà, búrẹ́dì lábẹ́ abíyá. Ìlà ọ̀hún gùn débi pé ọkùnrin tó wà níwájú mi ti di baba àgbà ká tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọ́fíìsì là ń lọ, ọ́fíìsì náà ò sì kanlẹ̀. Orí ooru kẹ́tùlù kan tó ga ju òkè lọ ló jókòó sí. Omi bá hó, ọ́fíìsì a gòkè. Omi bá rọ̀, a sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó ń sọ̀ ni mo fò wọlé.

Búrẹ́dì sọ̀rọ̀ lábẹ́ abíyá mi. Ó ní, “Bàbá Àlàbá, mo ti ń gbẹ o. Bí ẹ ò bá tètè rì mí bọ nǹkan gbígbóná, òkúta ni màá dà.”

Mo ní kó fara balẹ̀, a ti débẹ̀.

Láníhùn lorúkọ ọ̀gá ibẹ̀. Ó wọ kóòtù mẹ́ta léra wọn, òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tóbi tó odó. Ó ní búrẹ́dì kan ò gbọdọ̀ wọ tíì ewé láìní òǹtẹ̀, òun ò sì ní lu òǹtẹ̀ àfi tí tíì àti búrẹ́dì bá fẹ́ràn ara wọn. Làwọn ife bá ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé.

Tíì atalẹ̀ ló ṣáájú. Mo fẹnu kàn án, ó gbá mi létí láti inú ọ̀fun, mo sì gbọ́ tí bàbá bàbá mi sín lọ́run. Búrẹ́dì ní òun ò lè bá oníjà gbélé.

Tíì ìsápá tẹ̀ lé e, ó pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ó kan débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì pàdé, ó kù díẹ̀ kí n gbé eyín ara mi mì. Mo yọ́ mílíìkì dà sí i. Mílíìkì dì lójú ẹsẹ̀, ó di wàrà, wàrà sì ń bèèrè ta ló ránṣẹ́ pe òun.

Tíì ewúro ò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbé òun mì. Ó ní ìgbà wo ni mo kí ìyá ìyàwó mi gbẹ̀yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ife, mo dá a padà.

Ló wá kan ewé tíì, èyí tó máa ń hù ṣùù bíi koríko lẹ́yìnkùlé yẹn. Òórùn rẹ̀ ti wọlé kóun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Mo mu ún, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí wọ́n gbé ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ síni láyà.

Búrẹ́dì ní, “Èyí lọkọ mi.”

Mo ní kí ọ̀gá lu òǹtẹ̀. Ó gbé e sókè. Àṣé òórùn ewé ti wọ̀ ọ́ nímú. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo lu fìlà yọ, ọ̀gá di òbúkọ tòun ti kóòtù mẹ́ta lọ́rùn. Akọ̀wé rẹ̀ náà di ewúrẹ́. Wọ́n korí bọ ife, wọ́n ń jẹ ewé inú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, òǹtẹ̀ wa ńkọ́?”

Ọ̀gá jẹ àpọ̀jẹ díẹ̀. Ó ní, “Mẹ̀ẹ̀. Ẹ padà wá lọ́la.”

Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí wọ́n máa ń wí náà nìyẹn nígbà tí wọn ò tíì di ewúrẹ́. Búrẹ́dì ló bú sẹ́kún, èérún ń já bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ lomi kẹ́tùlù ti gbẹ, ọ́fíìsì já lulẹ̀ gbì, mo bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Fadérera ń ṣépè lẹ́yìnkùlé. Òbúkọ aládùúgbò wa ti já okùn, ó ti jẹ ewé tíì rẹ̀ dé gbòǹgbò, ó sì tún ti ki orí wọlé lójú fèrèsé tí tábìlì wa wà. Ìwọ̀nba ewé tí Fadérera ti já tẹ́lẹ̀ ló wà nínú ife, ó ń rú tùù. Búrẹ́dì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyín òbúkọ ti gé e nígun kan, róbótó.

Fadérera ní kí n sọ ọ́ nù.

Mo ní, “Kí n sọ kí ni nù? Ṣé o ò rí i pé ọ̀gá ti lu òǹtẹ̀ ni?”

Mo kọjú sí fèrèsé, mo ní ẹ ṣeun sà. Mo bá ki búrẹ́dì bọ tíì.