Yàrá Pacôme ní Pobè

Dókítà sọ pé egbò ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ yóò gbà tó oṣù mélòó kan kí ó tó jinná. Ìbídùn, ìyá rẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Pobè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ayétòrò lápá Nàìjíríà ni wọ́n ti wá, torí wọ́n gbọ́ pé wọ́n mọ ìtọ́jú irú egbò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó pọn ọmọ náà kiri àdúgbò, ó ń wá ilé tí yóò háyà. Bí àwọn onílé bá ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, wọ́n á ní àwọn ti rí ẹlòmíràn.

Àgbà obìnrin kan tó ń jẹ́ Berthe ló gbà wọ́n. Yàrá Pacôme ọmọ rẹ̀ ló fún wọn. Nàìjíríà ni Pacôme lọ, ó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì ti pẹ́ tí wọn ò ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Berthe ní kí wọ́n má ká aṣọ tó fi kọ́ sára ògiri, torí ìgbàkígbà ló lè dé, bó bá sì dé, wọ́n á kó jáde fún un.

Láràárọ̀ ni Ìbídùn ń gbé ọmọ lọ fọ egbò ní ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó padà, eruku àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Onigbolo á ti bò wọ́n. Èdè wọn àti ti Berthe yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tó yá, Berthe fúnra rẹ̀ ló ń wẹ Àṣàkẹ́. Lọ́jọ́ kan ó mú fọ́tò Pacôme wá, ó bẹ Ìbídùn pé kó bá òun béèrè rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìbídùn fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Ògúngbadé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà ní Ṣàgámù.

Èsì kò pẹ́. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n bá Pacôme ṣiṣẹ́ dá a mọ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló wó pa á lọ́dún tó kọjá. Wọn ò mọ ilé rẹ̀, wọ́n bá sin ín síbẹ̀.

 Ìbídùn kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí ẹsẹ̀ ọmọ yóò fi san, torí ibo ni wọ́n tún fẹ́ sùn? Ṣùgbọ́n orí ibùsùn Pacôme náà ló ń sùn, kò sì rí oorun sùn níbẹ̀ mọ́. Ó bá Berthe níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá Pacôme, wọ́n ti rí i. Ẹ forí jì mí, kò sí láyé mọ́.”

 Berthe ṣa ẹ̀wà náà tán pátápátá.

“Èmi ni mo ní kí o wá a,” ó wí. “Ká ní o kò wá a ni, ọmọ mi ì bá ṣì máa bọ̀. Ẹ kó jáde nínú yàrá rẹ̀.”

Sakété, ìlú mìíràn tó jìnnà díẹ̀, ni wọ́n ti padà rí ilé, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ràúdátù, tó ń ta aṣọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Pobè, nínú òjò àti ẹrẹ̀, tí Àṣàkẹ́ á máa sunkún ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n orúnkún kò nà mọ́.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní ìtọ́jú ti parí, Berthe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tòun ti àpò kékeré. Ó wo bí ọmọ náà ṣe ń tiro bọ̀, ó gbójú kúrò.

“Mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọjá ẹnubodè. Ní Ṣàgámù, Ògúngbadé mú wọn dé ibi ìsìnkú kan lẹ́yìn ìlú. Koríko ti bo gbogbo rẹ̀, àwọn tó gbẹ́ sàréè náà ti wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ti Pacôme. Berthe jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Àṣàkẹ́ lọ jókòó tì í. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tu koríko lórí òkìtì sàréè tó sún mọ́ wọn jù, nígbà tó ṣe tán, ó bọ́ sórí èkejì.