Òwú Ọ̀já Méjì

1

…ó tún tú ìró náà, ó ká a sí abẹ́ ọmú, ó fà á le. Ikùn kò gbọ́.

Fadékẹ́ padà sídìí òfì. Ọ̀já tí Ọmọ́bọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, yóò fi pọn ọmọ ló ń hun. Oyún Ọmọ́bọ́lá ti pé oṣù, nílé ọkọ rẹ̀ ní Òkèhò.

Oyún Fadékẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ìsẹ́yìn ni. Ọdún 1913.

2

Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ láìsí ẹni tó kọ́ wọn:

Bí ọmọ bá ti lóyún, ìyá rẹ̀ a gbé ẹní kúrò ní yàrá ọkọ.

Ìyá kì í bá ọmọ jọ wà lórí ìkúnlẹ̀.

3

ÌKÉDE, LẸ́NU AKÉDE

Kí ọkùnrin kankan má lọ oko lọ́la. Ọ̀nà Òkèhò ni kí ẹ lọ ro. Ẹni tó bá jókòó sílé, kó má dá wa lẹ́bi.

4

Ẹ̀yìnkùlé. Àpọ́nlé, ìyálé rẹ̀, gbé ahá àgbo dání.

ÀPỌ́NLÉ: Ìyá ìkókó, o kú iṣẹ́. Má bi mí pé ìkókó wo.

FADÉKẸ́: Ẹ kú àárọ̀, ìyálé mi.

ÀPỌ́NLÉ: Mu èyí. Oyún náà yóò wálẹ̀. Wàá lè dúró níwájú àna, wàá wẹ ọmọ-ọmọ rẹ.

FADÉKẸ́: Ẹni tí ẹ kọ́kọ́ fún ńkọ́?

ÀPỌ́NLÉ: Tirẹ̀ wálẹ̀.

FADÉKẸ́: Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Àpọ́nlé wo òfì.

ÀPỌ́NLÉ: Òwú tí o ta sórí òfì yìí ju ti ọ̀já kan lọ.

5

Lẹ́yìn Ọmọ́bọ́lá, Fadékẹ́ bí mẹ́ta. Wọn ò dúró.

6

Àpọ́nlé, lẹ́nu ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn:

"Ọjọ́ tí ọmọ mi lóyún ni mo gbé ẹní mi jáde. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé ó wù mí."

7

IṢẸ́ TÍ RÀSÁÀKÌ ALÁLÙBỌ́SÀ JẸ́ LÁTI ÒKÈHÒ

Ọmọ́bọ́lá ní ẹ kú ilé.

Ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú.

Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kọ́kọ́ wẹ ọmọ òun.

Ó ní òun ti gbọ́. (Níbí, Ràsáàkì gbójú kúrò.)

Ó ní kí ẹ wá bí ẹ ti wà.

8

Mákindé, ọkọ rẹ̀, ti ìdí ọ̀nà ríro dé. Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. (Àwọn kan ní ọjọ́ kejì tó lọ ro ọ̀nà ni. Kò yàtọ̀.)

MÁKINDÉ: Wọ́n ní àgbo wà lọ́wọ́ rẹ.

FADÉKẸ́: Ó wà nídìí àmù.

MÁKINDÉ: Èmi ni mo pè ọ́ wá sí yàrá.

FADÉKẸ́: Èmi náà ni mo jẹ́ ìpè.

MÁKINDÉ: Ṣé o kábàámọ̀?

FADÉKẸ́: Baba Ọmọ́bọ́lá, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín.

Ó dìde. Ó bomi fún un.

MÁKINDÉ: Ọ̀nà ti mọ́ dé odò Òfìkì.

9

Ẹrù orí Fadékẹ́, lójú ọ̀nà Òkèhò: ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, àdí, osùn. Ọ̀já kan.

10

Lẹ́bàá odò, àwọn obìnrin tó ń pọnmi:

— Ta ló ń bọ̀ yìí, ìyá àgbà ni àbí ìyàwó?

— Bi ikùn rẹ̀.

Ó gbọ́. Ó kí wọn. Kò tún ìró ká.

11

Nílé, Àpọ́nlé bá Fadékẹ́ gbá yàrá. Kò rí ahá nídìí àmù. Kò rí ibi tí wọ́n da àgbo sí.

Lórí òfì, òwú ṣẹ́kù tó ọ̀já kejì.